Ajá ńlá nílé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́: ọwọ́ ta ni ká ti rà á?

ÌyáMofẹ́, Ìbàdàn
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Olè ti fo ògiri wọ ilé méjì ní òpópónà wa láàárín oṣù kan, bàbá àwọn ọmọ sì ti fàáké kọ́rí: ajá ńlá lòun máa rà, òun ò fẹ́ kékeré tó ń gbó bí ẹni ń húkọ́. Boerboel tàbí Caucasian lọkàn rẹ̀ wà. Èmi ò bá a jà sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀: èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ mẹ́fà, àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé méjì ààbọ̀, òun sì ni ológbò aládùúgbò ń sá fún nítorí ìrù tó máa ń fà.

Lánàá ni ọkùnrin kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ọmọ ajá mẹ́rin nínú páálí Indomie, ojú wọn rogodo, wọ́n wuni lóòótọ́. Ó ní wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Boerboel gidi ni bàbá àti ìyá wọn, pé tí a bá lè san ìdajì owó kí ilẹ̀ tó ṣú, òun á gbé èyí tó wù wá wá pàdé wa ní Ìwó Road. Ọkọ mi ti fẹ́ sanwó, èmi ni mo ní kó jẹ́ n kọ́kọ́ béèrè. Báwo lẹ ṣe ń dá ẹni tó mọ ajá sìn mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń wá owó?

Alájá_Ìkòròdú
Ẹ má san kọ́bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kẹ̀? Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló kéré jù tí ọmọ ajá yẹ kó kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Kì í ṣe tìtorí ọmú nìkan. Àsìkò yẹn gan-an lòun àtàwọn tí wọ́n jọ bí máa ń bá ara wọn jàjà-ṣeré. Bí ọ̀kan bá deyín mọ́ etí èkejì jù, èkejì á han gooro, á sì dìde kúrò nídìí eré. Ibẹ̀ ni èyí tó géni jẹ ti ń mọ̀ pé eyín òun máa ń dunni. Èyí tí wọ́n bá já gbà ṣáájú kó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ yín ló máa fi kọ́ ọ.

Ti Ìwó Road yẹn, ẹni tó ní ká pàdé lójú títì, kò fẹ́ ká rí ilé òun ni. Mo ti ń sin ajá láti 2009, mi ò tíì gbé ọmọ ajá pàdé ẹnikẹ́ni ní ibùdókọ̀ rí.

ÌyáMofẹ́
Ẹ ṣeun sà. Mo ti sọ fún ọkùnrin náà pé a fẹ́ wá wo ìyá wọn nílé. Kò fèsì mọ́. Tí a bá wá rí ẹni tó gbà ká wá, kí la máa wò?

Dókítà_Ẹran_Abẹ́òkúta
Ẹ kú ìbéèrè, mà. Iṣẹ́ dókítà ẹran ni mò ń ṣe, nítorí náà ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi lórí tábìlì ni mo máa fi sọ̀rọ̀.

Ìyá ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kì í ṣe àwọn ọmọ. Kò sí ọmọ ajá tí kì í wuni. Ìyá wọn lẹ máa fi mọ ohun tí èyí tí ẹ gbé lọ máa dà tó bá pé ọdún méjì. Ẹ rí i níbi tó ń gbé, láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, kí ọmú rẹ̀ hàn bíi ti abiyamọ, torí àwọn kan máa ń yá ajá ẹlòmíì wá jókòó ti ọmọ ọlọ́mọ. Bó bá gbó yín nígbà tí ẹ wọlé, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ohun tó ṣe lẹ́yìn tí olówó rẹ̀ bá ti ní "ó tó" lẹ máa wò. Ṣé ó wá gbóòórùn yín, kó tó lọ dùbúlẹ̀? Àbí ó ń gbọ̀n lẹ́yìn ilé, tó ń yọ eyín? Tí olówó rẹ̀ bá ń sọ pé "ẹ má dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ o, ó burú gan-an", tó sì ń fi ìyẹn yangàn, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Ìbẹ̀rù ìyá máa ń ran ọmọ, látinú ẹ̀jẹ̀ àti látinú ohun tí ọmọ ń rí lójoojúmọ́.

Bàbá lè má sí níbẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀sùn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń gbé abo wọn lọ bá akọ tó dáa níbòmíì. Kí wọ́n ṣáà lè sọ ọ̀dọ̀ ẹni tó wà, kí ẹ sì lè pe onítọ̀hún.

Ẹ fi imú yín ṣiṣẹ́. Ilé tí ajá mẹ́jọ wà kò ní máa rùn bíi lọ́fínńdà, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ àná kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ omi. Tí ẹ bá rí ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ nílẹ̀, tàbí ọmọ ajá kan tó ká jọ sí kọ̀rọ̀ nígbà táwọn yòókù ń ṣeré, ẹ má fọwọ́ kan èyíkéyìí. Ẹ jáde, kí ẹ fọ bàtà yín. Parvo ni mò ń bẹ̀rù, àrùn inú tó máa ń ràn láti ara ajá kan dé òmíràn. Ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọṣẹ lásán kì í sì í pa á, bílíìṣì ló ń pa á. Ọmọ ajá tó bá mú lè má lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Ẹ gba káàdì abẹ́rẹ́, kí ẹ kà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀, a ó máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta sí mẹ́rin mẹ́rin títí ajá á fi pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ti dìgbòlugi máa ń dúró di oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ tán, irọ́ ló ń pa. Sítíkà ara ìgò abẹ́rẹ́ yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ déètì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sítáǹbù dókítà. Wọ́n gbé ọ̀kan wá bá mi lọ́dún tó kọjá: déètì mẹ́ta láti oṣù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bíírò kan náà, ọwọ́ kan náà, mo fi àtàǹpàkò kan ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, yíǹkì lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Obìnrin tó ra ajá náà ń wò mí lójú. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún un.

Bàbá_Ọdẹ_Ṣakí
Ẹ̀yin ará ìgboro, ẹ kàn ń da ara yín láàmú ni. Ajá ilé wa ńkọ́? Kì í ṣàìsàn òyìnbó, kì í jẹ ju ẹ̀bà àti egungun lọ, ó sì gbọ́n ju ọlọ́pàá lọ. Ọdẹ inú àlọ́ tó sá gun orí igi, ṣé Caucasian ló pè? Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì, Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé! Ajá ìbílẹ̀ ni gbogbo wọn.

Alájá_Ìkòròdú
Bàbá, ẹ̀rín pa mí. Òótọ́ wà níbẹ̀ o. Ajá ìbílẹ̀ tí wọ́n tọ́ dáadáa, tí àwọn ọmọ jọ dàgbà pẹ̀lú ẹ̀, á gbó olè jí gbogbo àdúgbò, ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé sì nílò kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n òun náà ń fẹ́ kéèyàn mọ ìyá rẹ̀, ó sì ń fẹ́ abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Àwọn tó ń rìn káàkiri òpópónà láìní olówó ló ń kó o fún wa jù.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Peckham
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. London lèmi wà, kí n sọ bí tiwa ṣe lọ. Ní England níbí, láti oṣù kẹrin 2020, òfin ò gbà kí ṣọ́ọ̀bù tàbí alágbàtà ta ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà mọ́. Ọwọ́ ẹni tí ajá bímọ nílé rẹ̀ lèèyàn ti máa rà á, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Òfin Lucy ni wọ́n ń pè é, orúkọ abo ajá kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Wales níbi tí wọ́n ti ń mú un bímọ léraléra nínú àgò.

Labrador la rà. Obìnrin tó tà á fún wa bi wá ní ìbéèrè ju ẹni tó fún wa ní físà lọ. Ta ló máa wà nílé lọ́sàn-án? Ọmọ wo ló máa ń pariwo jù? Tí ẹ bá lọ Nàìjíríà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀dọ̀ ta ni ajá máa wà? Inú bí ọkọ mi nínú mọ́tò nígbà tí a ń padà, ó ní owó wa la fẹ́ ná, kì í ṣe ọmọ la wá gbà tọ́. Mo ní ìyẹn gan-an ni obìnrin yẹn rò pé a wá ṣe. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ìgbàkígbà tí a ò bá lè tọ́jú ajá náà mọ́, ì báà jẹ́ ọdún mẹ́wàá sí i, ọ̀dọ̀ òun ni ká dá a padà sí, ká má gbé e fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà yẹn, ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí nìyí: ẹ béèrè bóyá á gbà á padà. Ẹni tí kò fẹ́ rí ajá náà mọ́ láéláé mọ ohun tó tà.

Wọ́n tún fún wa ní máàkì eegun ìbàdí bàbá àti ìyá. Wọ́n máa ń ya X-ray fún ajá tó ti ju ọmọ ọdún kan lọ, wọ́n á wá fún ìbàdí kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 53, èyí tó bá kéré ló dáa. Ṣé wọ́n ń ṣe é nílé?

Dókítà_Ẹran_Abẹ́òkúta
Àwọn díẹ̀ ń ṣe é. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ níbí, lè ya X-ray, ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn tó ń sin ajá tà kì í fẹ́ náwó sí i. Tí wọn ò bá ní X-ray, ojú yín ni ẹ máa lò. Ẹ jẹ́ kí ìyá ajá dùbúlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n wá pè é. Ṣé ó dìde wuuyẹ́, àbí ó kọ́kọ́ ń fi ọwọ́ iwájú fa ara rẹ̀ sókè? Ẹ jẹ́ kó sáré. Tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì bá jọ ń fò pa pọ̀ bíi ti ehoro, ìbàdí rẹ̀ ń dùn ún. German Shepherd tí àwọn àgbà ń pè ní Alsatian, Rottweiler, Boerboel, gbogbo wọn ni àrùn ìbàdí yìí ń bá jà. Ajá tí ibì kan ń dùn, tí ọmọ ọdún méjì wá ṣubú lé lórí, ẹ mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

Kí n tó gbàgbé: abo ajá ńlá kò yẹ kó bímọ kó tó pé nǹkan bí ọdún méjì, kò sì yẹ kó máa bímọ ní gbogbo ìgbà tó bá ti gba akọ. Ẹ béèrè ìgbà tó bí àwọn tó ṣáájú. Tí olówó rẹ̀ bá ń fi ìka ka oṣù, tí kò rántí, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ẹ̀gbọ́n_Bódìjà
Èmi fẹ́ bá ọkọ Ìyá Mofẹ́ sọ̀rọ̀ ní tààrà, ọkùnrin sí ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n, orí òkè tó tutù ni wọ́n ti sin Caucasian, láti bá ìkookò jà. Ìrun rẹ̀ nípọn bíi kápẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kẹta ní Ìbàdàn tí iná kò sí, èèyàn fúnra rẹ̀ ń wá ilẹ̀ tútù sùn. Mo ti rí ọ̀kan tó ń mí fìì-fìì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, lábẹ́ táńkì omi tí wọ́n so ó mọ́.

Boerboel sì rèé, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ South Africa ló sìn ín láti máa ṣọ́ oko. Ó fẹ́ràn ará ilé rẹ̀ dọ́ba. Àlejò ni kò fẹ́. Ẹ wá rò ó wò: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yín pe ọ̀rẹ́ mẹ́rin wá ṣeré ní Sátidé, wọ́n ń lé ara wọn, ọ̀kan taari ọmọ yín, ọmọ yín ké. Akọ Boerboel lè wọn kílò 70. Ta ló máa ṣàlàyé fún un pé eré ni? Mi ò ní ẹ má rà á. Mo ní tí ẹ bá máa rà á, ẹni tó máa bá yín kọ́ ọ fún ọdún kan ni kí ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó máa pa fóònù lẹ́yìn tí alẹ́ẹ̀tì bá wọlé.

ÌyáÌbejì_Ọ̀ṣogbo
Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín tí mi ò dá sí i. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi.

Ẹ̀bá títì la ti ra tiwa. Ẹni tó tà á ní Rottweiler ni, a ò rí ìyá, a ò rí bàbá, ó kàn gbé e lé ọkọ mi lọ́wọ́ láti ojú fèrèsé mọ́tò. Ajá náà fẹ́ràn àwọn ọmọ mi. Oṣù mẹ́rìnlá ló jẹ́ lọ́jọ́ tí ọmọ aládùúgbò wá, ọmọ ọdún mẹ́rin, ó lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ abọ́ oúnjẹ rẹ̀ láti wo ohun tó ń jẹ. Kò gbó, kò kùn. Ojú ọmọ náà ló bù jẹ, nísàlẹ̀ ẹyinjú gan-an. Ó ti máa ń ká ara rẹ̀ lé abọ́ láti kékeré, tó bá ti rí ẹnikẹ́ni á máa gbé oúnjẹ mì láìjẹ ẹ́. A máa ń fi rẹ́rìn-ín.

Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà ni pé mo fi ọṣẹ àti omi ẹ̀rọ fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọmọ ń ké, ìyá rẹ̀ ń ké, mi ò dá a dúró. Lẹ́yìn náà ló di ọsibítù, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ìyá àgbà kan ní ká fi epo pupa sí i. Ẹlòmíì ní ká pa ajá náà ká fún ọmọ ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán irú rẹ̀ wò: tí dìgbòlugi bá ti fara hàn lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tó ń là á já. Dókítà ní ká so ajá náà mọ́lẹ̀ ká máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá, kó má bàa jẹ́ pé ó ní in. Kò ní in. Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí, àpá náà ṣì wà níbẹ̀, èmi àti ìyá rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kí ara wa mọ́.

Dókítà_Ẹran_Abẹ́òkúta
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́.

Adéọlá_Àkúrẹ́
Ẹ bá mi wò ó, kò sí èyí tí owó rẹ̀ rọjú? Ẹni tó ń ṣe gbogbo ohun tí ẹ kà yìí, mílíọ̀nù ló máa pè.

Alájá_Ìkòròdú
Àǹtí mi, ọjọ́ kan lèèyàn ń san owó ajá, ojoojúmọ́ ló ń bọ́ ọ. Tí owó àtirà á bá ti ń fún yín lọ́rùn, ẹ dúró ná. Ẹ bèèrè ajá tó ti pé ọdún méjì mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn tó ń sin ín. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń ní abo tí wọn ò fẹ́ kó bímọ mọ́, tí ìwà rẹ̀ ti hàn, tí owó rẹ̀ kò sì tó ti ọmọ rẹ̀. Fún ilé ọlọ́mọ, èmi fúnra mi fẹ́ràn ìyẹn ju ọmọ ajá lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ gbé kékeré.

Ohun kan tún wà. Ẹni tó bá ta ọmọ ajá ńlá fún yín tó tún ń ta kálísíọ́mù mọ́ ọn pé kí eegun rẹ̀ lè yára le, ẹ má rà á.

Dókítà_Ẹran_Abẹ́òkúta
Mo fara mọ́ ọn. Kálísíọ́mù àpọ̀jù máa ń ba eegun ọmọ ajá ńlá jẹ́ ni. Kó rọra dàgbà, kó má sanra.

ÌyáMofẹ́
Mo ti padà dé. Ó lé lọ́sẹ̀ méjì, ẹ má bínú.

Ilé méjì la lọ. Ti àkọ́kọ́, ẹnu géètì ni ọkùnrin náà ti pàdé wa, ó ti gbé ọmọ ajá méjì dání, ó ti fọ̀ wọ́n, wọ́n ń rùn bí ọṣẹ ọmọ jòjòló. Mo bèèrè ìyá wọn. Ó ní wọ́n gbé e lọ ọsibítù. Mo ní ọsibítù wo. Ó ní àbúrò òun ló mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló ní ká máa lọ.

Èkejì, obìnrin ni, ọ̀nà Mọ́níyà, German Shepherd nìkan ló ń sìn. Abo mẹ́ta péré ló ní. Kò sí ọmọ ajá nílẹ̀ rárá, ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wa lórí fóònù, ó ní ká ṣáà wá, ká kó àwọn ọmọ dání. Ó ní kí gbogbo wa jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, ká má wo ajá náà lójú. Ó tú ọ̀kan sílẹ̀. Àyà mi ń já. Ajá náà yí wa ká lẹ́ẹ̀mejì, ó gbóòórùn orí àbíkẹ́yìn mi, ó sín, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni àbíkẹ́yìn nawọ́ sí ìrù. Kí n tó dìde, obìnrin náà ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ náà pa ajá lẹ́yìn, ó ní "ibí ni ó fẹ́". Ó wá yíjú sí mi, ó ní: "Mà, ajá mi kò níṣòro. Ọmọ yín ni ẹ ó kọ́kọ́ kọ́."

Ó ṣàlàyé pé ajá darandaran ni wọ́n níbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọmọ tó bá ń sáré, ó lè máa lé e kó sì máa fi eyín ta á lọ́rùn ẹsẹ̀ bíi ti àgùntàn, pé a ní láti bá a wí láti kékeré. Ó ní òun ló máa yan ọmọ ajá fún wa, kì í ṣe àwa. Kì í ṣe èyí tó kọ́kọ́ sáré wá bá wa, kì í sì í ṣe èyí tó sá sẹ́yìn, àárín ni. Ó fi X-ray méjì hàn wá lójú iná. Mi ò mọ ohun tí mò ń wò, ṣùgbọ́n mo ya fọ́tò rẹ̀, màá fi ránṣẹ́ sí Dókítà tí wọ́n bá gbà.

Oṣù tó ń bọ̀ ló máa gbé abo náà lọ bá akọ. Ọjọ́ 63 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ni oyún, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn, ó di bí oṣù márùn-ún kí ajá tó wọ ilé wa. Kò gba àsansílẹ̀. Ó ní ká tún kó àwọn ọmọ wá lẹ́ẹ̀mejì sí i kó tó di ìgbà yẹn, pé òun fẹ́ wò ó bóyá àbíkẹ́yìn á gbọ́ ọ̀rọ̀.

Bàbá wọn ń ráhùn pé olè kò ní dúró de oṣù márùn-ún. Ó ti ra iná sólà mẹ́rin fún ògiri lánàá.

Dókítà_Ẹran_Abẹ́òkúta
Ẹ fi fọ́tò X-ray náà ránṣẹ́, mà. Kí nọ́ńbà ajá náà hàn létí fọ́tò ọ̀hún.

Adéọlá_Àkúrẹ́
Ìyá Mofẹ́, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá tún lọ, ẹ bá mi bi í bóyá ó ní abo tó ti dàgbà tí kò fẹ́ kó bímọ mọ́.